Àpò awọ àtijọ́ láti ibùdó òwò: ẹ má tíì gbé òróró

Aláwọ
Bí wọ́n bá ní àpò kan ti Fort Union wá, ibùdó òwò kan létí odò Missouri ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n fi ń dè é ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti 1828 sí 1867 ni wọ́n fi ń gba awọ ẹfọ̀n lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Assiniboine àti Crow níbẹ̀. Bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ pa kò tíì dé. Ọdún 1885 ni wọ́n gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ ní Jámánì. Sípù bíi tòní, ó di 1913. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ wá ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ lábẹ́ rẹ̀. Bí ihò bá wà, àtúnṣe ni. Bí kò bá sí, ẹ di owó yín mú.

Ẹ tún wo etí ibi tí wọ́n ti gé awọ. Bí inú rẹ̀ bá dà bí eérú, kúróòmù, kẹ́míkà kan, ni wọ́n fi ṣe é, ìlànà tí Augustus Schultz gba àṣẹ rẹ̀ ní 1884. Èyí tí wọ́n fi èèpo igi ṣe máa ń pọ́n rúsúrúsú dé inú. Èyí tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ fi ọpọlọ ẹran ṣe, tí wọ́n sì fi èéfín sá, òórùn èéfín kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Iṣan ẹran ni wọ́n sábà fi ń rán an.

Olùtọ́jú Ẹrù
Ẹ ṣé, Aláwọ. Òróró ló ń ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́. Lẹ́búlẹ́bú pupa tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ kì í ṣe àìrí òróró. Sọ́fọ̀ (imí-ọjọ́) inú èéfín èédú ló wọ awọ eléèpo igi, tó di ásíìdì, tó sì ń jẹ ẹ́ láti inú. Òróró kò lè so ohun tó ti já. Omi tún burú jù ú lọ: awọ náà á dúdú, á sì le gbagidi.

Klucel G, ìyẹ̀fun tó ń so awọ tó ń ṣẹ́ pọ̀, ni kí ẹ lò, gíráàmù 10 sí 20 nínú lítà kan isopropanol, ọtí kẹ́míkà tí a kì í mu. Ẹ máa bù ú sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó, torí bí ẹ bá dà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á ṣù. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kàn án lábẹ́ ìdérí ná, bóyá àwọ̀ rẹ̀ á yí padà. Ẹ ṣí fèrèsé, kí iná má sì sí nítòsí.

Ìyá Alápò
Funfun tó ń hàn lójú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti bu ni?

Olùtọ́jú Ẹrù
Mà, ẹ fẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹrun sí ibi kékeré, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Bó bá yọ́, ọ̀rá ni: ẹnìkan ti fi òróró pa á jù. Bí kò bá yọ́, ó lè jẹ́ pé ó ti bu; ẹ gbé e kúrò níbi ọ̀rinrin. Èyí tó láwọ̀ ewé lára ìṣó bàbà, igi ìtayín ni kí ẹ fi yọ ọ́. Ìpara tí à ń fi dán irin á kó àbàwọ́n bá awọ.

Aláwọ
Bó bá ti gba ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kọjá, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fi arsenic, májèlé kan, lé kòkòrò lára irú ẹrù bẹ́ẹ̀.