Ìkìlọ̀ kan ń yọjú bí a bá ń gba fáìlì sílẹ̀ (download): kí ni kí n ṣe?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Adó-Èkìtì ni mo wà. Èmi ni mò ń bójú tó ìkànnì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìjerò, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń gba fọ́ọ̀mù owó yíyá, zip (fáìlì tí a dì pọ̀) ni gbogbo wọn. Fáìlì ń wọlé, ó sì ń ṣí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ F12 kí n wo Console (ibi tí bíráúsà ń kọ ìkìlọ̀ sí), ìlà aláwọ̀ yẹ́lò kan á jáde: "Resource interpreted as Document but transferred with MIME type application/zip".

Akápò wa rí i, ló bá ní àwọn gbájúẹ̀ ti wọlé! Mo ní kó fọkàn balẹ̀: ojú ewé ni bíráúsà ń retí, fáìlì zip ni sáfà (kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì dúró) gbé fún un.

Mo fi ọ̀rọ̀ "download" sí ara kóòdù líǹkì, kí bíráúsà mọ̀ pé fáìlì gbígbà ni, ìkìlọ̀ náà sì lọ. Àwọn fáìlì tó wà lórí sáfà mìíràn nìkan ni kò gbọ́, torí bíráúsà kì í ka "download" sí níbẹ̀. "Content-Disposition: attachment", ìyẹn àṣẹ tí sáfà fi ń sọ fún bíráúsà pé kó fi fáìlì pamọ́ dípò kó ṣí i, sì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣé kí n kó wọn wá sórí sáfà wa ni, àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Dátà tí màá fi kó wọn ló ń dùn mí.