Ó ti yanjú: fáìlì àkókò náà ti bá àwòrán ọpọlọ mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi tí mo béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá ìdí tí sọ́fítíwià kò fi rí fáìlì àkókò (èyí tó ń sọ ìgbà tí ohun kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀ nínú ìdánwò) tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán fMRI wa, ìyẹn àwòrán ọpọlọ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, mo ti rí ojútùú.

Orúkọ fáìlì ló kọ́kọ́ dí mi lọ́wọ́. Nínú ètò BIDS, ìyẹn ìlànà tí a fi ń to fáìlì àwòrán ọpọlọ, orúkọ ni okùn tó so méjèèjì pọ̀: sub-01_task-nback_run-1_bold.nii.gz ń wá sub-01_task-nback_run-1_events.tsv nínú fódà func. “n-back” (iṣẹ́ ìrántí tí ẹni tí a ń ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀ ṣe) ni mo kọ sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ dáṣì kò gbọdọ̀ wọ inú orúkọ iṣẹ́.

Lẹ́yìn tí mo tún un ṣe, ó rí fáìlì, àmọ́ kò ka nọ́ńbà. Èyí ló gba oorun lójú mi. Èdè Faransé ni kọ̀ǹpútà wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wà. Bí mo ṣe ṣí tábìlì inú fáìlì náà tí mo sì fi í pamọ́, 12.5 ti di 12,5! Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ, ẹ kọ́kọ́ yẹ kọ́má wò.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n wo òpó onset (ìgbà tí ohun kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀), ẹ ṣeun gan-an ni, Olúwa á gbè yín. Mílísẹ́kọ́ńdì ló wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá ló yẹ kó jẹ́. Mo fi 1000 pín onset àti duration (bó ṣe pẹ́ tó), mo sì yọ àkókò tó ṣáájú àwòrán àkọ́kọ́ kúrò nínú onset, torí láti ibẹ̀ ni a ti ń ka òdo.

Gbogbo rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti ìbéèrè mi pa síbí.