Wọ́n fagi lé bọ́ọ̀lù ọmọ mi nítorí èéyi. Ṣé kí n bá wọn fà á?

Ìyá Tọ́lá, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ là mí lọ́yẹ̀.

Tọ́lá ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọdún tó máa jáde nìyí. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbá èyí tó kẹ́yìn nílé, èyí tí wọ́n máa ń pe àwọn òbí jáde sáàárín pápá, tí wọ́n á fún ìyá ní òdòdó, tí wọ́n á ya fọ́tò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Mo ti hun aṣọ-òkè sí i láti Ìsẹ́yìn, àwọ̀ ilé-ìwé wọn gan-an. Mo ti sanwó ọkọ̀ òfurufú fún èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àfi bí ímeèlì ṣe dé lánàá pé èéyi ti wọ ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, pé kò sí eré kankan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Èéyi! Èyí tí gbogbo wa ṣe ní kékeré, tí ìyá àgbà fi ẹmu àti ewé òtílì wẹ̀ wá, tá a tún padà sí ìta lọ ṣeré. Tọ́lá gba abẹ́rẹ́ ní Ìbàdàn kí a tó kó wá síbí, káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Kí ẹni tó ń ṣàìsàn jókòó sílé, kí ẹni tí ara rẹ̀ le gbá bọ́ọ̀lù. Kí ló ṣòro níbẹ̀? Mo ti kọ ìwé ìbínú sílẹ̀, ó ku kí n tẹ bọ́tìnì. Ọmọ náà ò jẹun láti àná.

Bàbá Ìbejì, Bronx

Ìyá Tọ́lá, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ẹ̀dùn ọkàn. Ẹ má tíì fi ìwé yẹn ránṣẹ́ ná.

Síkiọ́rítì ni mò ń ṣe ní Madison Square Garden, gbọ̀ngàn eré ńlá ní New York níbí, nígbà tí Kòrónà dé. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12 oṣù Kẹta 2020, ọ̀nà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà wọlé ni wọ́n fi mí sí. Yunifásítì St. John's ń bá Yunifásítì Creighton gbá nínú ìdíje Big East, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń bá ara wọn díje. Lálẹ́ àná rẹ̀, NBA, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n jẹun, ti dá tiwọn dúró nítorí agbábọ́ọ̀lù wọn Rudy Gobert tí wọ́n bá àrùn náà lára rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Big Ten, ẹgbẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn, ti ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé. Tiwa ṣì ń lọ. Gbọ̀ngàn ńlá yẹn, àwọn òbí díẹ̀ àtàwa òṣìṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ìró bàtà lórí pákó lo máa kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn kóòṣì, gbogbo èébú tí ariwo èrò máa ń bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ parí: St. John's 38, Creighton 35. Wọ́n wọlé lọ sinmi. Wọn ò jáde mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bi mí pé, "Sà, ṣé àwa la jẹ báyìí?" Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti fagi lé ìdíje ńlá ìparí, tọkùnrin tobìnrin. Tọkùnrin yẹn, láti 1939 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ, ogun àgbáyé pàápàá ò dá a dúró rí. Ẹ wá gbọ́ èyí: lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn, Ivy League, ẹgbẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi Harvard àti Yale, ti kọ́kọ́ fagi lé tiwọn. Àwọn ọmọ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú, àwọn èèyàn ní ojo ni wọ́n. Ẹni tí wọ́n ń bú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo àgbáyé tò sẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí fífagi lé nǹkan. Ohun tí mo máa bá wọn jà lé lórí ni ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2020, àwọn tí ń ṣe eré ìgbà ìrúwé, àwọn bíi sáré-sáré àti baseball, NCAA fi ọdún kan kún tiwọn. Àwọn oníbọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n tó wà lọ́dún ìkẹyìn ò rí nǹkan kan gbà. Udoka Azubuike, ọmọ Nàìjíríà tiwa, wà ní Yunifásítì Kansas, ẹgbẹ́ tó wà nípò kìíní nílẹ̀ yìí, wọ́n jẹ 28, wọ́n pàdánù 3. Ó parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá wọn ì bá gbé ife.

Tó bá jẹ́ èmi, màá bi kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn bóyá wọ́n fagi lé e ni tàbí wọ́n sún un síwájú, torí wọ́n máa ń da méjèèjì pọ̀ nínú ímeèlì. Màá tún bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò gbá a láìsí òǹwòran. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, èéyi yìí náà ló fà á. Ní 1989, èéyi jà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Siena, lọ́dọ̀ wa ní New York níbí, lápá Albany. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọn nínú gbọ̀ngàn òfìfo, wọ́n gba ife àgbègbè wọn nínú òfìfo, wọ́n sì dé ìdíje NCAA fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n na Stanford 80 sí 78. Àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Nọ́ọ̀sì

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ìbejì. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹmu àti ewé òtílì yẹn, àwa tá a yè é la wà níbí tá à ń sọ ọ́. Ẹ bi ìyá àgbà bóyá gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wẹ̀ ló dìde.

"Kí ẹni tó ń ṣàìsàn jókòó sílé" ò ṣiṣẹ́ fún èéyi. Ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó sú síta ni ẹni tó ní in ti ń kó o ran èèyàn. Ó lè gbá bọ́ọ̀lù, kó lọ wẹ̀, kó máa lọ, kí ó sì jẹ́ pé fún odidi wákàtí méjì lẹ́yìn tó jáde, afẹ́fẹ́ yàrá yẹn ṣì léwu. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí kò gba àjẹsára tó bá sún mọ́ ọn, mẹ́sàn-án ló máa kó o. Ẹ rántí pé àwọn tó ń wá wòran máa ń gbé ọmọ jòjòló dání, aboyún sì máa ń wà láàárín wọn. Àwọn wọ̀nyẹn ò lè gba abẹ́rẹ́ náà.

Èyí tó kàn yín gan-an ni káàdì Ìbàdàn yẹn. Nílé wa, nígbà tí wọ́n bí Tọ́lá, abẹ́rẹ́ èéyi ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún ọmọ, lóṣù kẹsàn-án. 2019 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èkejì kún un. Èyí tí wọ́n bá sì gbà kí ọmọ tó pé ọdún kan, wọn kì í kà á níbí. Abẹ́rẹ́ MMR méjì, àjẹsára tó ń dènà èéyi àti àrùn méjì míì, ni wọ́n ń wá. Bí kò bá ní ìwé rẹ̀, tí wọ́n sì ní òun àti ẹni tó ní èéyi jọ wà níbì kan, wọ́n lè ní kó sé ara rẹ̀ mọ́lé fún ọjọ́ 21. Kíláàsì ò ní sí, bọ́ọ̀lù ò ní sí. Ẹ tètè wá ìwé ilé-ìwé girama rẹ̀ ní Texas, wọ́n á ti béèrè é níbẹ̀. Tí ẹ ò bá rí i, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá ara rẹ̀ ti ní agbára láti kojú èéyi. Wọ́n máa ń gba ìyẹn náà.

Adé Alátakò

Ẹ má fetí sí wọn jù, mà. Ẹ pariwo. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹjọ 2020, Big Ten náà ní àwọn ò gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn mọ́. Àwọn òbí lọ dúró síwájú ọ́fíìsì wọn ní Rosemont. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, wọ́n ti yí ohùn padà. Amẹ́ríkà nìyí, ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń rẹ́ jẹ.

Káyọ̀dé, Champaign

Bọ̀dá Adé, bọ́ọ̀lù Big Ten ni owó ńlá wà nínú rẹ̀ o, ìyẹn náà ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ò ní tẹlifíṣọ̀n tó ń lé wọn kiri.

Sọ fún Tọ́lá pé Ayọ̀ Dòsùnmú wa, tó ń gbá bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n fún Yunifásítì Illinois nígbà yẹn, náà wà nínú rẹ̀ ní 2020. Illinois ti dé Indianapolis, ọjọ́ kejì ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje Big Ten, wọ́n sì dá wọn padà. Ó lè lọ sí NBA, àmọ́ ó padà wá, ó sì gba ife yẹn ní 2021. (Ẹ má bi mí léèrè nípa Loyola tó wá nà wá nínú ìdíje NCAA lọ́dún yẹn. Inú mi ṣì ń bàjẹ́.)

Ìyá Tọ́lá, Houston

Ẹ ṣeun gan-an. Tọ́lá ní òun kúkú mọ ìtàn Dòsùnmú ju ẹni tó kọ ọ́ lọ, mo mọ̀ pé ó ti ń jẹun.

Àbẹ̀kẹ́, Ọlọ́run á bù kún ọ. Mo tú gbogbo àpótí ìwé, mo rí i: MMR méjì, níbí ni wọ́n ti fún un, mo ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí klíníìkì wọn. Wọ́n ní kò ní sé ara rẹ̀ mọ́lé. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ wọn ò ní ìwé kankan, wọ́n ti ń sunkún.

Adé, mo kọ ìwé, àmọ́ mo yọ èébú inú rẹ̀ kúrò. Ìbéèrè Bàbá Ìbejì ni mo fi síbẹ̀. Wọ́n dáhùn ní ìrọ̀lẹ́ yìí: wọ́n sún un síwájú ni, wọ́n á gbá a láìsí òǹwòran lẹ́yìn tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé, òbí náà ò gbọdọ̀ wọlé, wọ́n á fi hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ò dá owó padà. Wọ́n ní kí n lò ó láàárín ọdún kan. Mo bínú, àmọ́ mo gbà.

Bàbá Ìbejì, Bronx

Ẹ fi líǹkì yẹn síbí tó bá dọjọ́ náà, kẹ́ ẹ sì sọ aago tó bọ́ sí lọ́dọ̀ wa ní New York. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe báyìí, màá ní láti bẹ ọ̀gá mi tẹ́lẹ̀.