Kí ló dé tí AMG, ẹ̀ka Mercedes tó ń ṣe ọkọ̀ asáré, fi yọ V8 (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ) kúrò nínú ọkọ̀ C63?

Ọmọ Àkúrẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé tuntun yẹn dára, àbí kí èèyàn wá ti àtijọ́ rà?

Mẹkáníìkì Oǹdó: Òfin èéfín ní Yúróòpù ló fà á. Lọ́dún 2022 wọ́n fi ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 onísílíńdà mẹ́rin àti mọ́tò oníná rọ́pò V8 lítà 4.0. Agbára rẹ̀ lé sí i, ṣùgbọ́n ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 2 lọ, ìró V8 sì lọ. Ìró yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń sanwó fún! BMW kò yọ V8 kúrò nínú M5, ọkọ̀ asáré tiwọn, ti 2024. Mọ́tò oníná ni wọ́n fi kún un.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù: Bí ẹ bá ra V8 lítà 4.0 yẹn, àárín ẹ́ńjìnnì ni tọ́bò méjèèjì (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) wà. Ooru máa ń gan rọ́bà àti wáyà ibẹ̀, ẹ yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Tí ẹ bá sáré dé láti Ọ̀wọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ lórí ìdúró kí ẹ tó pa á.