"Iyọ̀ ayọ́" kẹ̀? Ilẹ̀ kì í ṣe òrí

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ṣábẹ̀ẹ́ tó ní kí a máa pe iyọ̀ inú erùpẹ̀ tó ń wọnú omi ní "iyọ̀ ayọ́", ẹ má bínú sí mi, n kò gbà. Iná ló ń yọ́ nǹkan. Òrí ń yọ́, ìda ń yọ́, òjé ń yọ́. Iyọ̀ tó bọ́ sómi, ó yòrò ni. "Iyọ̀ ayòrò" ni kí ẹ kọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọn iyọ̀ inú ilẹ̀ ní láàbù ná. Wọ́n á sá erùpẹ̀ gbẹ, wọ́n á fi ajọ̀ tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 2 lọ jọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi omi tí kò ní iyọ̀ rárá pò ó. Àwọn kan á pò ó títí ojú rẹ̀ á fi máa dán, kí wọ́n tó fa omi inú rẹ̀ jáde. Àwọn mìíràn á da omi tó jẹ́ ìlọ́po 5 ìwọ̀n erùpẹ̀ náà lé e, torí ìyẹn yá. Ẹ̀rọ ni wọ́n á wá kì bọ omi náà, láti mọ bó ṣe ń gbé iná mànàmáná kọjá tó (bí iyọ̀ inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń gbé e tó), kí wọ́n sì ṣírò rẹ̀ sí ìwọ̀n ooru 25 ti Celsius. Ìlọ́po 5 yẹn gan-an ni wàhálà wà. Bí ilẹ̀ bá ní jípúsọ̀mù, irú iyọ̀ kan tí kì í fẹ́ yòrò bọ̀rọ̀, omi púpọ̀ á fipá yọ ọ́ jáde, ẹ̀rọ á sì ka iyọ̀ tí gbòǹgbò àgbàdo kò bá pàdé nínú oko. Omi tó ìwọ̀n wo ló fi yòrò? Ìbéèrè tí wọ́n ń bá jà nìyẹn. Ẹni tó bá ka "yọ́", iná ni yóò máa wá kiri.

Ẹ tún wo ohùn. Ọ̀pọ̀ yín kì í fàmì sọ́rọ̀ lórí fóònù. "Iyo ayo"! Wọ́n á ní ìsọmọlórúkọ la pè wọ́n sí.

Ẹni tó sọ pé àwa ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) ti bá àwọn ẹ̀yà Gùn gbé pẹ́ jù láti dá sọ́rọ̀ Yorùbá, mo gbọ́. Ìyá bàbá mi, ọmọ Kétu pọ́ńbélé, ọṣẹ ló ń ṣe. Eérú nínú ajere, ìkòkò nísàlẹ̀, omi á máa kán tó, tó. Á fahọ́n tọ́ ọ wò. Bí kò bá ta á lẹ́nu, á dà á padà sórí eérú. Ẹnu rẹ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé eérú yọ́. Àwọn obìnrin tó ń ṣe iyọ̀ ní Djègbadji, létí Ouidah, agbọ̀n ni wọ́n ń kó erùpẹ̀ oníyọ̀ sí, omi tútù ni wọ́n ń dà lé e. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó gbé e kaná.

Ní ti "ìdíwọ̀n" tí ẹnìkan tún fẹ́ fi rọ́pò "ìwọ̀n", ojú la fi ń díwọ̀n, ẹ̀yin ará. Ẹ̀rọ kì í fojú díwọ̀n. N ó dáhùn ìyẹn lọ́tọ̀.