Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kọ́lẹ́ẹ̀jì Kánádà tá a bá ṣàdéhùn ò fèsì mọ́

Ìyá Skúù: Ẹ kú òwúrọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi, mi ò sùn lóru àná. Sẹ́kọ́ńdírì àdáni la ní n'Ìbàdàn, ọkọ mi ló dá a sílẹ̀, èmi ni mò ń bójú tó o. A bá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Kánádà ṣàdéhùn pé wọ́n á máa gba àwọn ọmọ wa tó bá ti ṣe WAEC tán, a buwọ́ lùwé, a ya fọ́tò, a pe pásítọ̀ àti báálẹ̀, mo kun gbogbo kíláàsì torí wọ́n ní òyìnbó ń bọ̀. Báyìí a kọ ìmeèlì títí, wọn ò dáhùn. Skúù tó kọjú sí wa ti ń sọ kiri pé irọ́ la pa, tíṣà físíìsì tí mo fowó mi rán lọ kọ́ kọ̀ǹpútà náà ti sá lọ bá wọn. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọmọ mi wà ní Winnipeg, ní Kánádà níbẹ̀, èsì WAEC ẹ̀ ló fi wọlé, kò sí àdéhùn kankan. Kóòtù tá a rà fún un ní Gbági, òtútù ibẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Tíṣà Ọ̀ṣogbo: Ta ló buwọ́ lùwé náà lọ́dọ̀ wọn? Ìmeèlì wo ni wọ́n ń lò? Ẹ wo lísìtì DLI tí ìjọba Kánádà gbé síta, ìyẹn àwọn skúù tí wọ́n fọwọ́ sí pé kó máa gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò bá sí níbẹ̀, kò lè gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè.

Bọ̀dá Toronto: Ẹ̀yin onískúù náà le jù. Àdéhùn kì í ṣe físà! Láti December 2023 ni ìjọba ibí ti ń bi kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra ẹ̀ bóyá òun ló kọ lẹ́tà ìgbàwọlé. Láti 2024, àwọn tó pọ̀ jù ló tún nílò ìwé PAL, ìyẹn lẹ́tà ẹ̀rí láti ìpínlẹ̀ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wà. PAL àwọn ọmọ yẹn dà?

Ìyá Skúù: Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wà lórí lísìtì, mo fojú ara mi rí i.

Tíṣà Ọ̀ṣogbo: Mà, ẹ ò tíì dáhùn o. Ta ló buwọ́ lù ú?

Ìyá Skúù: Ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ wa ni, ó ní òun ni aṣojú wọn fún Áfíríkà. Gmail ló ń lò, ó ní ìmeèlì kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń pẹ́.

Bọ̀dá Toronto: Háà!

Àǹtí Abẹ́òkúta: Kì í ṣe gbogbo éjẹ́ǹtì ló burú o, éjẹ́ǹtì ló mú àbúrò mi dé ibi tó wà.

Bọ̀dá Toronto: Ta ló ní gbogbo wọn? Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń lo éjẹ́ǹtì máa mọ orúkọ ẹ̀, ká kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ká bi wọ́n, kí ló le níbẹ̀?

Àǹtí Abẹ́òkúta: Ẹ rọra, ìyá yín ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ti Amẹ́ríkà ńkọ́? EducationUSA, àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà ní kó máa gbani nímọ̀ràn lórí skúù ibẹ̀, wà l'Ékòó, ọ̀fẹ́ nìmọ̀ràn wọn.

Ìyá Skúù: Amẹ́ríkà kọ́ là ń sọ. Àwọn òbí ló ń dà mí láàmú. Wọ́n ti san ₦800,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, aṣojú yẹn ní owó àsansílẹ̀ ni, àwa la gbà á, a sì fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹ̀. Rìsíìtì skúù wa ló wà lọ́wọ́ wọn. Sátidé yìí ni ìpàdé PTA.

Tíṣà Ọ̀ṣogbo: Orí mi ò! Mà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àdéhùn. Ẹ kọ lẹ́tà sí báńkì yín lónìí, ẹ kó ìwé tó fi hàn pé ẹ sanwó, àdéhùn àti gbogbo ìmeèlì lọ sí EFCC tó wà n'Ìbàdàn. Nọ́ńbà tó wà lórí wẹ́búsáìtì kọ́lẹ́ẹ̀jì gan-an ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe èyí tí aṣojú yẹn fún yín.

Bọ̀dá Toronto: Kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn òbí ṣáájú Sátidé.

Ìyá Skúù: Ọkọ mi ní ká dúró títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tíṣà Ọ̀ṣogbo: Ẹ má dúró mà. Aago mélòó ni báńkì yín ń ti ìlẹ̀kùn?