Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìtọ́jú àjọsọ

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a ó máa pè ní Yorùbá fún ìtọ́jú tí onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa èrò àti ìṣe ẹ̀dá, ń ṣe fún ẹni tó ní àìsàn multiple sclerosis, èyí tí wọ́n ń gé kúrú sí MS: "ìwòsàn ọpọlọ", "ìtọ́jú ìrònú" àti "ìtọ́jú afọ̀rọ̀ṣe". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Ọpọlọ gan-an ni MS ń bá jà. Agbára tó yẹ kó máa gbèjà ara ló ṣìnà, tó ń jẹ awọ ọlọ́ràá tó bo àwọn fọ́nrán tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara. Ibi tó bá jẹ á lápá, á sì le. Àpá wọ̀nyẹn ni Charcot, dókítà ọmọ Faransé, rí tó fi sọ àìsàn náà lórúkọ ní 1868. Oògùn ni dókítà fi ń kojú ìyẹn. Bí a bá wá pe iṣẹ́ onísáíkọ́lọ́jì ní "ìwòsàn ọpọlọ", aláìsàn lè rò pé ó lè rọ́pò oògùn, bẹ́ẹ̀ MS kò tíì ní ìwòsàn rárá. Ẹ sì mọ ohun tí ará àdúgbò ń gbọ́ bí wọ́n bá ní lágbájá ń gba ìtọ́jú ọpọlọ. Ta ló fẹ́ kí wọ́n gbọ́ bẹ́ẹ̀ nípa ìyàwó rẹ̀?

"Ìtọ́jú ìrònú" ló dùn mọ́ ọ̀pọ̀ yín nínú, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Nínú ilé wa, bí ìyá bá ní "ọmọ yìí ń ronú", ìdààmú ló ń sọ. MS kì í tètè hàn síta: ojú á ṣú, á tún là, àárẹ̀ tí oorun ò lé lọ á dé, ẹni tó ń wòran ò sì ní rí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ti gbọ́ "ìrònú ló pọ̀ jù fún ọ" kí àyẹ̀wò tó gbè wọ́n. Ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ ìtọ́jú tún ẹ̀sùn yẹn kà sí wọn lọ́rùn.

Ọ̀nà tí "afọ̀rọ̀ṣe" gbà dára. Ohun èlò ló fi sọ iṣẹ́ lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní "iṣẹ́ abẹ", kò sì di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n "àfọ̀ṣẹ" ni etí àgbà máa gbọ́, wọn á sì béèrè ọfọ̀ tí wọ́n ń pè níbẹ̀.

"Ìtọ́jú àjọsọ" ni tèmi. Bí "àjọṣe" àti "àjọgbé" ni, ẹni méjì ló lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ká kúkú pè é ní "ìmọ̀ràn" kò rò ó dáadáa, torí olùdámọ̀ràn lè máa sọ kí èkejì kàn máa gbọ́. Níbí, aláìsàn fúnra rẹ̀ á kọ bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀, á pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, á dán àkókò ìsinmi wò, á sì yẹ èrò bíi "mi ò wúlò mọ́" wò bóyá òótọ́ ni.

Ìtọ́jú yìí tún ní ẹ̀ka, tó yẹ kí a sọ lórúkọ. Ní Amẹ́ríkà, David Mohr àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2005 lórí ènìyàn 127 tí wọ́n ní MS àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Orí fóònù ni wọ́n ti tọ́jú wọn fún ọ̀sẹ̀ 16. Wọ́n kọ́ apá kan bí wọ́n á ṣe tún èrò àti ìṣe wọn tò. Wọ́n jẹ́ kí apá kejì tú ohun tó wà nínú wọn síta. Ara tu apá méjèèjì, ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì àwọn àkọ́kọ́ ló dín kù jù. Mo dábàá "àjọsọ èrò òun ìṣe" fún ti àkọ́kọ́, "àjọsọ ẹ̀dùn-ọkàn" fún ìkejì. Mo yẹra fún "ìmọ̀lára" nítorí pé MS máa ń mú kí ibì kan kú lára, kó má mọ nǹkan mọ́, a ó sì nílò ọ̀rọ̀ yẹn fún ìyẹn.

Mindfulness ló kù, ìyẹn kí ènìyàn máa fọkàn sí ohun tó ń lọ lọ́wọ́ láìdá a lẹ́jọ́, tí wọ́n ń lò fún àárẹ̀ àwọn aláìsàn yìí ní Ìlú Ọba. "Àṣàrò" ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì jù. "Ìfarabalẹ̀" ni mo ní lọ́wọ́ báyìí. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó jọ̀ọ́ mú un wá.